Ojú ọmọ pọ́n, ọmọ ò sunkún: ohun tẹ́ ẹ máa wò, àti bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ẹ̀

Tójú ọmọ bá pọ́n, tó ń ké, tó ń sá fún ìmọ́lẹ̀, tó ń fojú pamọ́ sí ìyá ẹ̀ láyà, ẹ máa gbé e wá, a ó wò ó, kì í fi bẹ́ẹ̀ dẹ́rù bà wá torí ìrora yẹn ló jẹ́ kẹ́ ẹ tètè gbé e wá. Èyí tó máa ń já wa láyà ni ọmọ tójú ẹ̀ ti pọ́n láti bí ọ̀sẹ̀ kan, tí nǹkan funfun kékeré kan ti jókòó sórí dúdú ojú ẹ̀, tó sì ń bá àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ sáré kiri nínú oòrùn, tó ń jẹ búrẹ́dì, tó ń rẹ́rìn-ín. Àwọn aládùúgbò á ní ọmọ náà lágbára. Màmá àgbà á ní àpólò lásán ni, pé á lọ fúnra ẹ̀. Ó lè jẹ́ àpólò lóòótọ́ o, àmọ́ ó tún lè jẹ́ pé awọ ojú ọmọ yẹn ò mọ nǹkan lára mọ́, egbò wà níbẹ̀ ọmọ ò mọ̀, ojú tó bá sì rí báyẹn lè bà jẹ́ kọjá àtúnṣe kí ẹnikẹ́ni tó fura.

Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ojú ni mò ń ṣe ní Àkúrẹ́ níbí. Ẹ̀yin òbí ni mò ń bá sọ̀rọ̀ jù, àmọ́ ẹ̀yin nọ́ọ̀sì àti CHEW, ìyẹn òṣìṣẹ́ ìlera àdúgbò, tẹ́ ẹ wà ní hẹ́ẹ́tì sẹ́ńtà lọ́nà Ìdànrè, Ilé-Olújì, Oǹdó, ẹ má lọ, tiyín ń bọ̀ níwájú, torí ọ̀dọ̀ yín lọmọ náà máa ń kọ́kọ́ dé.

Awọ kan wà níwájú dúdú ojú tó mọ́ gaara bíi gíláàsì, kọ́níà là ń pè é. Ó wà lára ibi tí iṣan ìmọ̀lára ti pọ̀ jù lọ lára èèyàn, ìdí nìyẹn tí eruku bíńtín fi lè mú àgbà ọkùnrin dúró lójú títì kó máa nu ojú. Iṣan karùn-ún nínú méjìlá tó ń ti ọpọlọ jáde ló rán ẹ̀ka ẹ̀ wá síbẹ̀. Iṣẹ́ ẹ̀ sì ju ká kàn mọ ìrora lọ: òun ló ń jẹ́ ká máa ṣẹ́jú, òun ló ń jẹ́ kómi sun lójú, òun náà ló ń tú èròjà tó ń jẹ́ kí awọ yẹn hù padà tó bá bó. Tí iṣan yẹn ò bá ṣiṣẹ́, ṣíṣẹ́jú á dín kù, ojú á gbẹ, awọ á máa bó díẹ̀díẹ̀ kò sì ní jiná, ọmọ á tún máa fọwọ́ họ ọ́ torí kò mọ̀ pé òun ń dá kún egbò, kòkòrò á wá rọ́nà wọlé.

Kí ló ń fà á? Ọmọ míì, bí wọ́n ṣe bí i nìyẹn, iṣan yẹn ò dàgbà bó ṣe yẹ, ó lè jẹ́ ojú kan, ó lè jẹ́ méjèèjì. A kì í sábà rí i lára ọmọ tuntun, ó máa ń tó oṣù 8 sí 12 kó tó hàn, ìgbà tó ti ń rá kiri ilẹ̀ tó sì ń fi ọwọ́ eléruku họ ojú. Ó lè bá àìsàn àbínibí míì rìn, bíi Goldenhar tí etí kan á kéré tàbí kí ẹran kékeré yọ síwájú etí, tàbí Möbius tí ojú ọmọ ò ní lè rẹ́rìn-ín. Àwọn ọmọ kan tún wà tó jẹ́ pé gbogbo ara wọn ni ò mọ ìrora, CIPA ni wọ́n ń pè é, jíìnì kan tó ń jẹ́ NTRK1 ló bà jẹ́. Ọmọ yìí kì í làágùn, toòrùn bá mú, ara ẹ̀ á gbóná janjan, nílùú tiwa yìí sì rèé, ibà ni gbogbo ayé máa pè é, wọ́n á lo ògùn ibà títí á fi sú wọn. Ìyá kan gbé ọmọ tójú ẹ̀ pọ́n wá nígbà kan, mo ń fi tọ́ọ̀ṣì wo ojú yẹn lọ kí n tó rí orí ìka ọmọ náà, mẹ́ta ti ní egbò, èékánná kan ti lọ pátápátá. Mo ní màmá, kí ló ṣe ìka yìí? Ó ní, "Nọ́ọ̀sì, eyín ló ń hù, ó ń ge ọwọ́ jẹ ni." Eyín tó ń hù kì í jẹ́ kọ́mọ jẹ ìka dé ẹran. Nítorí náà tọ́mọ bá ń ge ahọ́n, ètè tàbí ìka ara ẹ̀ jẹ tí ò ké, tó jóná tí ò mọ̀, ẹ dákun ẹ gbé e wá wo ojú, kódà tójú náà ò bá tíì pọ́n.

Òmíràn wà tó jẹ́ lẹ́yìn ìbí ló ń dé. Kòkòrò herpes, èyí tó ń yọ egbò wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ sí etí ẹnu lẹ́yìn ibà, tó bá wọ ojú ó máa ń pa ìmọ̀lára ojú yẹn, ojú kan ló sábà máa ń bá jà, tó bá lọ tán á tún padà wá. Kókó inú ọpọlọ lè tẹ iṣan yẹn, iṣẹ́ abẹ orí náà lè kàn án. Omi bátìrì tàbí kọ́sítíìkì sódà tí wọ́n fi ń se ọṣẹ lè jó o. Ẹ̀tẹ̀ náà wà níbẹ̀, àmọ́ ìyẹn ò wọ́pọ̀ lára ọmọ kékeré. Ògùn tó ń pa ojú kú náà ń ṣe é, bíi tetracaine, tí dókítà ń kán ká lè yẹ ojú wò láìsí ìrora: ẹlòmíì á mú ìgò ẹ̀ délé torí pé ó "tu ojú lára," ẹ̀ẹ̀kan ni, ẹ̀ẹ̀mejì ni, awọ ojú á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́. Ògùn yẹn ò gbọdọ̀ sí nílé ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀yin òbí, wíwò ni iṣẹ́ tiyín, ẹ má fi ohunkóhun kan ojú ọmọ. Ẹ jẹ́ kó jókòó wo kátúùnù, kẹ́yin máa wo ojú ẹ̀, ṣé ó ń ṣẹ́jú bíi tàwọn ọmọ yòókù, àbí ó kàn la ojú sílẹ̀ gbọnrangandan? Tẹ́ ẹ bá ń wẹ̀ ẹ́ tí ọṣẹ bá ṣèèṣì wọlé, ṣé ó ta á? Tó bá wà lórí ọ̀kadà tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí i, ṣé ó ń di ojú? Tó bá ń sunkún nítorí nǹkan míì, ṣé omijé ń jáde? Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì fóònù láti ẹ̀gbẹ́, kì í ṣe lójúkojú, kẹ́ ẹ wo bí iná yẹn ṣe ń dán lórí dúdú ojú, ojú tó dáa, àmì iná yẹn á mọ́ rekete, ojú tí awọ ẹ̀ ti bó, àmì yẹn á fọ́ wẹ́lẹwẹ̀lẹ tàbí kó ṣú. Ẹ ya fọ́tò ojú méjèèjì kẹ́ ẹ fi pa mọ́, déètì á wà lára ẹ̀, ó máa wúlò gan-an fún dókítà. Ọmọ tí ò ríran dáadáa tílẹ̀ bá ti ń ṣú, tó sì ru, ìyẹn lè jẹ́ àìsí Fítámì A, òun náà máa ń yọ́ ojú láìpariwo, ìtọ́jú tiẹ̀ yàtọ̀ ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ pẹ́ nílé rárá.

Nǹkan míì tó yẹ kó ta yín lólobó ni kíkán ògùn. Ọmọ tójú ń dùn máa jà, á ta ìpá, èèyàn méjì ló máa dì í mú. Ọmọ tẹ́ ẹ kán ògùn sí lójú tó kàn ń wò yín rọra, inú yín á dùn pé ó gbọ́ràn, àmọ́ ẹ sọ fún wa.

Ó kàn yín, ẹ̀yin nọ́ọ̀sì. Òwú la fi ń dán ìmọ̀lára ojú wò, kò ná yín ní nǹkan kan, ohun tó ń bà á jẹ́ ni ìkánjú. Ẹ má tíì kán ohunkóhun sójú ọmọ, kódà àwọ̀ ọsàn tá a fi ń wo egbò, fluorescein, ẹ jẹ́ kó dúró, torí òmíràn nínú ìgò ní ògùn tó ń pa ojú kú nínú. Ẹ fọwọ́. Kí ìyá gbé ọmọ lé itan, ẹ̀yìn ọmọ sí àyà ìyá, ọwọ́ kan ìyá lórí apá ọmọ méjèèjì, ọwọ́ kejì níwájú orí. Tọ́mọ bá ti ń ké tẹ́lẹ̀, ẹ jẹ́ kó mu ọyàn, kó dákẹ́, torí ọmọ tó ń ké ti di ojú tẹ́lẹ̀, kò sí ohun tẹ́ ẹ fẹ́ mọ̀ níbẹ̀. Ẹ já òwú tó mọ́ díẹ̀, ẹ fa etí ẹ̀, ẹ lọ́ ọ láàárín ìka títí á fi ku fọ́nrán tín-ín-rín tó lè tẹ̀ tó bá kan nǹkan. Ẹnì kan á máa mi kọ́kọ́rọ́ níwájú kọ́mọ lè máa wo ibẹ̀, ẹ̀yin á wá ti ẹ̀gbẹ́ wá, láti ibi tí ò ti ní rí ọwọ́ yín, torí tó bá rí i ó máa ṣẹ́jú nítorí pé ó rí i, ẹ̀ẹ́ wá kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìmọ̀lára wà nígbà tí ò sí. Etí kọ́níà ni kẹ́ ẹ fi orí òwú bà fẹ́rẹ́. Ẹ má jẹ́ kó kan irun ìpéǹpéjú o, ẹ má sì jẹ́ kó jẹ́ funfun ojú, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń ṣì í.

Ojú tó dáa jù ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ ṣe, kẹ́ ẹ lè mọ bí ọmọ yẹn ṣe ń ṣe. Tí ìmọ̀lára bá wà, ojú méjèèjì ló máa ṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, orí á sì fà sẹ́yìn. Tẹ́ ẹ bá kan ojú ọ̀tún tí ọ̀tún ò ṣẹ́ àmọ́ tí òsì ṣẹ́, ìmọ̀lára wà níbẹ̀, iṣan tó ń pa ojú dé ni ò ṣiṣẹ́, ìyẹn iṣan keje, ìṣòro tiẹ̀ náà nìyẹn. Tí kò bá sí èyí tó ṣẹ́, tí ọmọ náà sì ń bá kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ ṣeré lọ, ẹ ti rí i. Ẹ̀ẹ̀kan sí ẹ̀ẹ̀mejì tó fún ojú kan, kì í ṣe ohun tá à ń ṣe títí ojú á fi bó. Ẹ kọ ojú kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, ó wà, ó dín kù, tàbí kò sí, kẹ́ ẹ kọ aago tẹ́ ẹ ṣe é. Tójú bá dà bí ẹni pé ó ti lu, ẹ má dán nǹkan kan wò, ẹ gbé e lọ.

Ọ̀dọ̀ dókítà ojú ni ìyókù ti ń ṣẹlẹ̀. Irinṣẹ́ kan wà tó ń jẹ́ Cochet-Bonnet, okùn ọ̀rá tín-ín-rín kan tó gùn tó mìlímítà 60 ni, wọ́n á máa dín in kù, bó ṣe ń kúrú ló ń le, ibi tọ́mọ bá ti mọ̀ ọ́n lára ni wọ́n á kọ sílẹ̀, àmọ́ ọmọ tó ti gbọ́n díẹ̀ tó lè jókòó ló ṣeé ṣe fún. Wọ́n á wá fi fluorescein sí i, wọ́n á tan iná búlúù, ibi tí awọ ti bó á tan àwọ̀ ewé kedere, ìyá tó bá rí i nígbà yẹn máa ń kígbe, torí ojú tó dà bíi pé ó kàn pọ́n díẹ̀ ti wá ní ihò tó ń tàn yanran. Ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n ń pín àìsàn yìí sí, dókítà kan tó ń jẹ́ Mackie ló pín in bẹ́ẹ̀: ìkíní, awọ kàn rí ṣákáṣàka, ìkejì, awọ ti bó níbì kan tí ò sì padà hù, ìkẹta, egbò ti wọnú, ó ń yọ́, ó lè lu. Tí wọ́n bá fura sí kòkòrò, wọ́n á họ díẹ̀ lọ sí lábù. Wọ́n á wo gbogbo ara ọmọ, etí, eyín, ìrìn, òógùn, bójú ṣe ń rẹ́rìn-ín, tí ìdí ẹ̀ ò bá sì hàn tàbí tọ́mọ bá ń ta gẹ̀ẹ́gẹ̀ẹ́ nígbà tó ń rìn tàbí tó ń bì láàárọ̀, wọ́n á ní kẹ́ ẹ ṣe MRI orí, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú orí. Owó ni, mo mọ̀, àmọ́ tí kókó bá wà nínú ọpọlọ, ògùn ojú kan ò ní yanjú ẹ̀.

Ìtọ́jú ńkọ́? Ohun àkọ́kọ́ ni kí gbogbo ohun tó ń pa ojú lára dúró. Omi ọyàn, ìtọ̀, omi ṣúgà, tìróò, àdúrà tí wọ́n fi sínú epo, ẹ jọ̀ọ́, kò gbọdọ̀ wọnú ojú yìí. Tìróò tiẹ̀ ní òjé nínú, kì í ṣe fún ọmọ rárá. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń lọ sí kẹ́místì ní Ọjà Ọba tàbí Ìsìnkàn, tẹ́ ẹ ń ní "ẹ fún mi lógùn ojú," ẹ rántí pé ìgò tí wọ́n bá fún yín lè ní stẹ́rọ́ọ̀dù nínú bíi dexamethasone, ó máa mú kí ojú funfun lọ́jọ́ kejì, inú yín á dùn, tó bá wá jẹ́ herpes ló wà lábẹ́ ẹ̀, ó máa jẹ ojú yẹn. Dókítà lè lò ó nígbà míì, ó ń wò ó lọ ni, ẹ̀yin ò lè wò ó. Ògùn ìrora tí wọ́n ń kán sójú bíi diclofenac àti ketorolac náà lè yọ́ irú ojú yìí.

Ìpìlẹ̀ ìtọ́jú ni kójú máa tutù: omi ojú àtọwọ́dá tí ò ní kẹ́míkà tí wọ́n fi ń pa á mọ́ nínú, benzalkonium chloride lórúkọ kẹ́míkà yẹn, ẹ wá a lára páálí. Ọmọ míì á gbà á ní wákàtí kọ̀ọ̀kan tàbí méjì-méjì tójú ẹ̀ bá là, lálẹ́ wọ́n á fún yín ní ọ̀rá ojú. Tí kòkòrò bá wà tàbí tí wọ́n ń fi dènà ẹ̀, ògùn apakòkòrò á kún un, tó bá jẹ́ herpes, acyclovir. Doxycycline tí wọ́n ń fún àgbàlagbà kí ojú má bàa yọ́, a kì í fún ọmọ tí ò tíì tó ọdún 8 torí eyín ẹ̀. Kíkán ògùn ojú sì rọrùn: ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀, kí orí wà láàárín orúnkún yín, ẹ fa ìpéǹpéjú ìsàlẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀, ẹ kán ẹyọ kan síbẹ̀, orí ìgò ò gbọdọ̀ kan ojú, torí kò ní sọ fún yín pé ẹ gún òun.

Lẹ́yìn náà, ọwọ́. Gbogbo ògùn ayé ò ní ràn án tó bá ń fi ìka họ ọ́. Ẹ ge èékánná ẹ̀ kúrú, ẹ wọ ìbọ̀sẹ̀ sọ́wọ́ ẹ̀ tó bá ń sùn, ẹ gé páálí líle kan, ẹ fi aṣọ ankara tó ti gbó wé e, ẹ fi ká ìgúnpá ẹ̀ kó má lè tẹ̀ ẹ́ dé ojú, á bínú fún ọjọ́ méjì-mẹ́ta, á mọ́ ọn lára. Gọ́gùùsì, ìyẹn awò tó bo ẹ̀gbẹ́, dáa fún ọ̀sán, pàápàá nígbà ọyẹ́ tí eruku bá gba gbogbo Àkúrẹ́. Ẹ má jẹ́ kí fáànù fẹ́ sí i lójú tààrà lóru. Àwọn ọmọ kan máa ń la ojú sílẹ̀ díẹ̀ tí wọ́n bá sùn, ẹ wò ó láago méjì òru, tó bá rí bẹ́ẹ̀ ẹ sọ fún dókítà.

Tí awọ ò bá hù lẹ́yìn gbogbo ìyẹn, àwọn ọ̀nà míì wà. Wọ́n lè fi kọ́ńtáàtì lẹ́ńsì tó rọ̀ bo egbò náà, pẹ̀lú ògùn apakòkòrò. Wọ́n lè fa ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà, yí i nínú ẹ̀rọ, kí wọ́n mú omi tó dá lókè, pò ó, ó sábà máa ń jẹ́ ìdá 20 nínú 100, kí wọ́n fi ṣe ògùn tí ẹ̀ẹ́ máa kán: ó dáa gan-an, àmọ́ ó gbọ́dọ̀ tutù ní gbogbo ìgbà, ẹ̀yin náà mọ bí iná ṣe ń ṣe wá, nítorí náà kúlà àti yìnyín gbọ́dọ̀ wà nílé kẹ́ ẹ tó gbà á. Wọ́n tún lè rán etí ìpéǹpéjú pọ̀ díẹ̀ kójú má ṣí tán. Àwọn òbí máa ń sá fún èyí torí bó ṣe rí lójú èèyàn, èmi ò sá fún un, ó ti gba ojú púpọ̀ là, wọ́n sì lè tú u tó bá yá. Wọ́n tún máa ń mú awọ tó wà lára ibi ọmọ, wọ́n á lẹ̀ ẹ́ mọ́ egbò.

Ẹ̀ẹ́ rí i lórí íntánẹ́ẹ̀tì pé wọ́n ń sọ̀rọ̀ ògùn ojú kan tó ń jẹ́ cenegermin. Òótọ́ ni. Rita Levi-Montalcini àti Stanley Cohen gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 1986 lórí èròjà tó ń mú iṣan dàgbà, irú èròjà yẹn gan-an ni wọ́n sọ di ògùn ojú, Yúróòpù fọwọ́ sí i lọ́dún 2017, Amẹ́ríkà lọ́dún 2018, fún ọmọ ọdún 2 sókè, ẹ̀ẹ̀mẹfà lójúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ 8. Ó wọ́n gan-an ni o, ẹ má fowó ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni lórí fóònù tó ní òun ní i. Iṣẹ́ abẹ náà wà, wọ́n á mú iṣan tó ṣì ń ṣiṣẹ́ níwájú orí lápá kejì, wọ́n á fà á dé ojú tí ò mọ nǹkan lára, oníṣẹ́ abẹ kan tó ń jẹ́ Terzis àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ló gbé e jáde lọ́dún 2009, àwọn oníṣẹ́ abẹ ní ọsibítù àwọn ọmọdé ní Toronto wá ń lo iṣan láti ẹsẹ̀ ọmọ gẹ́gẹ́ bí afárá. Ó máa ń gba oṣù púpọ̀ kí ìmọ̀lára tó bẹ̀rẹ̀ sí í padà. Kí wọ́n kàn pààrọ̀ kọ́níà fún ọmọ láìtọ́jú iṣan, ó sábà máa ń kùnà, torí èyí tuntun náà máa bó.

Ohun kan tún wà táwọn òbí máa ń gbàgbé, ìríran. Ọpọlọ ọmọ ṣì ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń ríran títí dé bí ọdún 7 sí 8, tójú kan bá funfun tàbí tí wọ́n rán an pa díẹ̀, ọpọlọ á pa ojú yẹn tì, kódà tí egbò bá jiná kò ní ríran dáadáa mọ́. Ìyẹn ni wọ́n ṣe máa ń bo ojú tó dáa fún wákàtí díẹ̀ lójúmọ́, tàbí kí wọ́n fún un ní awò. Tó bá ti ń lọ síléèwé, ẹ sọ fún tíṣà kẹ́ ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀: tójú ẹ̀ bá pọ́n, kí wọ́n pè yín lọ́jọ́ náà, kí wọ́n má dúró dìgbà tó bá ké.

Níbo lẹ lè lọ? Ẹ̀ka ojú ní UNIMEDTH, ọsibítù ńlá ti yunifásítì ìṣègùn, ní Oǹdó tàbí ní Àkúrẹ́, FMC Ọ̀wọ̀, tó bá sì ju ti wọn lọ, wọ́n á kọ̀wé sí OAUTHC Ilé-Ifẹ̀ tàbí UCH Ìbàdàn. Ẹ mú fọ́tò yẹn dání, ẹ mú gbogbo ìgò ògùn tẹ́ ẹ ti lò, kódà èyí tẹ́ ẹ mọ̀ pé wọ́n á bá yín wí lórí ẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá wá rí i pé ojú ṣàdédé rọ̀ wọlé, tàbí omi gbóná kan jáde níbẹ̀, tàbí nǹkan dúdú kékeré yọ síta látinú egbò, ojú ti lu nìyẹn. Ẹ má fọ̀ ọ́, ẹ má tẹ̀ ẹ́, ẹ má kán nǹkan kan sí i, ẹ má di òwú mọ́ ọn. Ẹ gé ìdí kọ́ọ̀pù ìwé tó mọ́, ẹ fi bò ó kó má kan ojú, ẹ fi téèpù lẹ̀ ẹ́ mọ́ egungun yíká, ẹ má fún ọmọ lóúnjẹ torí wọ́n lè fẹ́ gbé e lọ sí tíátà, kẹ́ ẹ wọkọ̀ lọ sí ọsibítù lóru ọjọ́ náà.